Kí Ẹ Tó Gé Kòkó Nítorí Owó Ìjọba

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Abà kan lẹ́yìn Ọ̀wẹnà, lọ́nà Ìdànrè, ni bàbá mi ti ń dáko kòkó. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti Ìwó wá síbẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, a ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Kòkó náà tó hẹ́kítà mẹ́ta. Láti ọdún tó kọjá ni ewé àwọn igi kan ti ń yí padà, èso wọn sì ń kéré sí i. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wá. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ san owó fún gbogbo àgbẹ̀ tí àrùn bá wà lára kòkó rẹ̀, pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ₦5,000 wá fún fọ́ọ̀mù, kó sì ti gé àwọn igi tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ kí àwọn tó padà wá. Bàbá mi ti pọ́n àdá. Ṣé òótọ́ ni owó yìí? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ló ni ín, àwa ni àbí onílẹ̀?"

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ gba àdá lọ́wọ́ bàbá. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì gé ẹyọ igi kan. Ní ti ₦5,000, ẹ fi ra iyọ̀ àti ọṣẹ sílé. Ìjọba tó bá fẹ́ fún àgbẹ̀ lówó kì í rán ọlọ́kadà wá gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́ọ̀mù yẹn ló kọ́kọ́ mú mi fura. Gígé tí wọ́n ní kí ẹ gé igi sílẹ̀ dè wọ́n ló tú àṣírí wọn. Níbi tí ìjọba bá ti ń san owó irú èyí, kíkà ló máa ń ṣáájú gígé. Òṣìṣẹ́ á wá yẹ igi wò, á sàmì sí i lára, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, àgbẹ̀ á fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá. Igi tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì, tó ti gbẹ, ta ló máa mọ̀ bóyá àrùn ló gbé e débẹ̀ tàbí ẹ fẹ́ fi dáná?

Ẹ tún jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe kòkó yẹn gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ní Àkúrẹ́ níbí ló máa ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ oko àwọn. Tí mo bá débẹ̀, àfòmọ́ ni mo máa bá lórí igi, tàbí kó jẹ́ ọ̀dá ló jó ewé. Nígbà mìíràn sì rèé, èso ló ń dúdú: àmì kékeré kan á yọ lára rẹ̀ nígbà òjò, kó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti bo gbogbo rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Phytophthora ló ń fa ìyẹn. A kì í gé igi nítorí rẹ̀. Ká máa ká èso tó ti bàjẹ́ kúrò lóko, ká rẹ́ ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, ká fọ́n oògùn tó ní kọ́pà nínú, bí àwọn bàbá wa ti ń fi bulúsítóònù ṣe é nígbà tiwọn, òun ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìjọba máa sanwó fún un kó lè gé kòkó nítorí èso dúdú, kò mọ kòkó.

Àrùn tí à ń tìtorí rẹ̀ gé igi ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní swollen shoot. Fáírọ́ọ̀sì ni, kò sì ní oògùn. Ewé tuntun, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́: pupa á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ewé náà. Tí ewé bá gbó, pupa yẹn á lọ, ṣùgbọ́n wàá rí i tí ibẹ̀ á funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé wọ́n ya àwòrán sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mùnú àti ẹ̀ka á wú níbi kan, bí orúnkún tí a gbá nígi. Gbòǹgbò pàápàá máa ń wú. Èso á kéré, á rí róbótó, ara rẹ̀ á máa dán ju bó ti yẹ lọ. Irú èyí tó le nínú rẹ̀ lè pa igi láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. O sọ pé ewé yí padà, èso sì kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n o kò sọ àwọ̀ ewé náà fún mi, o kò sì sọ bóyá ẹ̀ka wú.

Kòkòrò kan tó funfun, tó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun lé e lórí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀mùnú àti ìdí èso, òun ló ń gbé àrùn náà kiri. Kì í fò. Ó ń rìn láti ẹ̀ka igi kan bọ́ sórí ẹ̀ka èkejì níbi tí wọ́n bá ti fara kanra, atẹ́gùn sì máa ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn èèrà ló ń dáàbò bò ó, nítorí omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀ ni wọ́n ń lá. Tí o bá rí i tí èèrà fi ìdọ̀tí kọ́ ilé ṣóńṣó kan bo ìdí èso kòkó, tú u wò. Àràbà, osè àti àwọn ìbátan obì kan nínú igbó wà lára àwọn igi tí fáírọ́ọ̀sì yìí lè sá pamọ́ sí, èyí ló fà á tí oko tó wà lẹ́bàá igbó fi máa ń kọ́kọ́ kó o.

Ohun kan tó ń dun àgbẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé igi lè ti kó o tipẹ́ kó tó hàn. Ó lè tó ọdún méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gé e kì í fi gé èyí tó ṣàìsàn nìkan. Wọ́n á gé àwọn tó yí i ká pẹ̀lú, bí àrùn bá sì ṣe pọ̀ tó ni àyíká tí wọ́n á gé ṣe máa fẹ̀ tó. Fojú inú wo bàbá tó dúró ti igi tutù yọ̀yọ̀, tí èso wà lórí rẹ̀, tí ẹnì kan ní kó gé e nítorí pé ó bá aláìsàn gbélé.

Ní ti owó wàyí. Lóko, gbogbo owó tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, orúkọ kan náà là ń pè é, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ti ń rí wa mú. Àwọn kan ní abà yín á ti gbọ́ pé ìjọba san owó kòkó fún lágbájá. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà títì tàbí òpó iná ló gba oko rẹ̀ kọjá. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ló ní kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba bá gbà fún ìlò ará ìlú. Àrùn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn rántí 2006, nígbà tí àìsàn ẹyẹ wọ Nàìjíríà, tí ìjọba ń pa adìẹ àgíríìkì tí ó sì ń san ₦250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ nìyẹn náà, ó sì sún mọ́ ohun tí à ń sọ ju ti títì lọ, nítorí pípa ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ kí àìsàn má bàa ràn. Ṣùgbọ́n adìẹ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò 2012, ìgbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, tí àgbẹ̀ ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù tó sì ń san ìdajì owó ajílẹ̀. Ẹ̀dínwó ọjà ni, kò sí owó lọ́wọ́. Ti báńkì àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Anchor Borrowers, ẹ̀yáwó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n gbà. Ohun tí ìjọba wa mọ̀ ọ́n ṣe fún olóko kòkó tí àrùn bá dé bá láti ìgbà pípẹ́ ni kó fún un ní ọmọ kòkó àti oògùn lówó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe kó sanwó igi tó gé.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ìjọba kan á fi sanwó fún ẹni tó gé igi ara rẹ̀? Igi tí àrùn yìí mú kì í kú lójijì. Ó lè so fún ọdún kan tàbí méjì sí i, bó tilẹ̀ ń dínkù. Ẹni tó ni ín á máa ká a, kòkòrò á sì máa ti ibẹ̀ rìn lọ sí oko aládùúgbò. Tó bá gé e, òun ló pàdánù, ẹlòmíràn ló jèrè. Nítorí náà, owó yẹn kì í ṣe àánú. Owó ìpẹ̀ ni: gbogbo àdúgbò ló ń fi í bẹ ẹnì kan kó má ṣe ká èso tó kù.

Ìjọba òyìnbó kò ka ìpẹ̀ yẹn sí tó bó ti yẹ, ojú wọn sì rí i. Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí àrùn náà ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, nítòsí Koforidua. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò gbóògùn, wọ́n kó àwọn agé-igi wọ oko lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń gé e tipátipá. Inú bí àwọn àgbẹ̀ gidigidi. Ìgbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní February 1948, ìgbìmọ̀ Watson tó wá wádìí rẹ̀ ka gígé kòkó mọ́ ohun tó fa ìbínú. Nílẹ̀ tiwa níbí, 1944 ni wọ́n rí i ní agbègbè Ìbàdàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e náà, àwọn àgbẹ̀ kóra jọ sínú Ẹgbẹ́ Máyégún, wọ́n fárígá. Nígbà tó yá, ìjọba jáwọ́ nínú gígé níbi tí àrùn ti gbalẹ̀ jù. Mi ò lè dá àwọn àgbẹ̀ yẹn lẹ́bi. Òótọ́ ni pé gígé ló tọ́ nínú ìmọ̀ àrùn, ṣùgbọ́n ta ní ń fi ebi ọmọ rẹ̀ gbé ìmọ̀ lárugẹ?

Gánà kò fi gígé sílẹ̀ ní tirẹ̀. Igi tí wọ́n ti gé níbẹ̀ látìgbà yẹn ti lé ní mílíọ̀nù 200. Ètò tó wà níta láti nǹkan bí 2018, tí COCOBOD, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gánà tó ń rí sí kòkó, ń ṣe, ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́, torí ó dáhùn ìbéèrè rẹ kejì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń san 1,000 sídì lórí hẹ́kítà kan fún àgbẹ̀ tó ni kòkó, wọ́n sì ń san 1,000 sídì mìíràn fún onílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ COCOBOD fúnra wọn ló ń gé igi, tí wọ́n ń gbin kòkó tuntun pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún méjì kí wọ́n tó dá oko padà.

Wá ká ṣírò. Kòkó tí a gbìn ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, igi rẹ̀ á jẹ́ bí 1,111 lórí hẹ́kítà kan. Pín 1,000 sídì sí i, kò tó sídì kan lórí igi. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kan kòkó kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé. Ẹni tó bá ní owó gígé yìí ló ń wu òun, kò tíì ka owó. Iṣẹ́ tí wọ́n bá a ṣe àti ọmọ kòkó tí wọ́n gbìn fún un ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì bi mí pé kí ló yẹ kí ìjọba wa kọ́ lọ́dọ̀ wọn, mo máa ní kó fi iye sídì sílẹ̀, kó mú ọdún méjì ìtọ́jú yẹn.

Ìdí tí Gánà fi ń sanwó fún onílẹ̀ lọ́tọ̀ ni kókó tí mo fẹ́ kí o gbé lọ bá bàbá. Nínú àṣà wa, ẹni tó gba àyè gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ni igi, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Owó igi, bí ó bá wà, ti bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n ronú sí i dáadáa. Kí ló ń dá bàbá dúró lórí ilẹ̀ yẹn láti ọgbọ̀n ọdún? Kòkó náà ni. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹ ń san, orí kòkó tó dúró níbẹ̀ lẹ ti ń san án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé igi lulẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ láúláú, ọmọ onílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ fi emu àti obì gbà yín lálejò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà oko, kó ní kòkó tí ẹ bá bàbá òun dá májẹ̀mú lé lórí ti tán, pé kí ẹ wá sanwó ilẹ̀ tuntun. Lónìí tí ilẹ̀ wọ́n lọ́nà Ìdànrè, ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí ju fáírọ́ọ̀sì lọ. Ní Gánà náà, ó ń ṣẹlẹ̀: onílẹ̀ á ní igi ti kú, àdéhùn ti kú. Ìdí tí wọ́n fi fún onílẹ̀ ní tirẹ̀ nìyẹn, kó lè gbà kí àgbẹ̀ tún gbìn.

Nítorí náà, kí igi kankan tó wó ní oko yín, bóyá ìjọba sanwó tàbí kò san, ẹ lọ bá onílẹ̀. Ẹ mú ẹni tó jẹ́ olórí abà lọ́wọ́, kí àwọn àgbà ìdílé onílẹ̀ jókòó, kì í ṣe ọmọ kan péré. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe kòkó fún wọn, kí wọ́n gbà pé ẹ lè gbin òmíràn dípò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ààlà oko, iye ìṣákọ́lẹ̀, pé àtúngbìn ni, kì í ṣe oko tuntun. Ẹlẹ́rìí méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ inú igbó ọba, ìyẹn igbó ìjọba, ni oko náà wà, èyí tó pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: kò sí onílẹ̀ tó lè fún yín ní ìwé kankan níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìwé lọ́wọ́ yín.

Ohun kejì ni kíkà. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ̀lé àwọn kan lọ ka igi lóko tí ọ̀nà títì máa gbà. Bàbá àgbàlagbà kan ní igi tó ti ń so tó 400. Nígbà tí orúkọ jáde ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ, 40 ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Òdo kan ló já. Èmi gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí a kà á, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dà ìwé kankan lọ́wọ́ bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ mi. Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, wọn ò tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn ni mo ti máa ń bẹ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n ka igi wọn fúnra wọn. Ìwọ tó mọ fóònù lò, rin oko náà yí po. Kọ iye igi tó ń so, iye tí kò tíì so, iye tó ń ṣàìsàn. Ya fọ́tò àwọn tó ń ṣàìsàn kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀. So okùn pupa mọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kà lọ́jọ́ iwájú, kó fún yín ní ẹ̀dà kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. BVN àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ATM bàbá kò sí nínú ohun tí ẹni tó ń ka igi nílò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ADP, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ló sún mọ́ yín jù, FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́ níbí, CRIN tó jẹ́ ilé-ìwádìí kòkó gan-an wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ní swollen shoot ni lóòótọ́, tí owó kankan kò sì sí nílẹ̀, mo ṣì máa ní kí ẹ gé e, pàápàá bí kò bá tíì ju igi mélòó kan lọ. Nínú hẹ́kítà mẹ́ta yín, bí ogún igi bá ní in, tí ẹ gé wọn pẹ̀lú àwọn tó yí wọn ká, èyí tó pọ̀ jù nínú oko ṣì wà. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ dìgbà tí ìjọba á gbọ́, ogún á di irínwó. Ẹ hú kùkùté rẹ̀ tàbí kí ẹ pa á, torí ọ̀mùnú tó bá hù lára rẹ̀, àrùn kan náà ló máa gbé jáde. Ẹ fi ọsàn tàbí ọ̀pẹ ya ibi tí ẹ tún gbìn sọ́tọ̀ kúrò lára kòkó àtijọ́, kí kòkòrò má rí afárá.  Ọmọ kòkó, ẹ wá èyí tí CRIN gbé jáde, irú àwọn TC, tí kì í pẹ́ so bíi ti àwọn bàbá wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló máa bọ́ yín títí dìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ ti máa mú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀: àrùn kan tó ń mú kí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣù jọ sókè ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fáírọ́ọ̀sì ni òun náà. Ẹ mú u lóko tí ẹ mọ̀.

Ya fọ́tò ewé tuntun kan àti ẹ̀ka kan fún mi, ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bí àwọn ọlọ́kadà bá padà wá kí n tó dáhùn, ẹ mú wọn wọ oko, kí bàbá ní kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ẹ̀ka ti wú lára igi kan ṣoṣo.